Ọpẹ́ Lẹ́yìn Àpéjọ Àwọn Olùkọ́ Ọlọ́pàá

Bí ìnáwó bá ti kọjá ní àárin wa, kí oòrùn ọjọ́ kejì tó mú, ẹni tí ó náwó a ti bọ́ sí ìta, a máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, a máa wí pé, "A dúpẹ́ àná o, ẹ kú àdúrótì." Ẹni tí ó bá jókòó sílé ní ọjọ́ náà, nígbà tí ìnáwó rẹ̀ mìíràn bá dé, òun àti àga òfìfo ni yóò jọ jókòó.

Irú ọpẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ lẹ́yìn àpéjọ ọdọọdún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ agbófinró ní Amẹ́ríkà, èyí tí a ń pè ní ILEETA. Ní ọdún 2018 àti 2019, ìlú St. Louis ní Missouri ni wọ́n pé sí. Àwọn tí ń pé jọ níbẹ̀ ni àwọn tí ń kọ́ ọlọ́pàá ní iṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn olùkọ́ tí ó dìde sọ̀rọ̀ ni a kọ́kọ́ kí. Olùkọ́ tí ó bá dúró níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó sì jẹ́wọ́ pé, "Ibí yìí ni mo ti ṣìṣe, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀," ó ti dá owó tí ó pọ̀ ju ti àpò lọ. Ìṣirò ìjọba Amẹ́ríkà ní ọdún 2013 fi hàn pé nǹkan bí wákàtí 843 ni a ń fi kọ́ ẹni tí ó fẹ́ di ọlọ́pàá. Nǹkan bí 71 nínú rẹ̀ jẹ́ ti ìbọn, nǹkan bí 10 péré sì ni ti bí a ti í bá ẹni tí àrùn ọpọlọ ń dà láàmú lò. Wákàtí 10! Ọmọ-iṣẹ́ aránṣọ kò lè fi í mọ bí a ti ń gbẹ́ ọrùn ẹ̀wù. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń fi kún ẹ̀kọ́ náà, ọpẹ́ tọ́ sí i, àti ẹni tí ó dúró sílé tí ó ń ṣọ́ ìlú kí ẹnìkejì rẹ̀ lè lọ sí àpéjọ.

Ní ti àwọn tí ó fi owó sílẹ̀, a ní ọ̀rọ̀ díẹ̀. Àwọn tí ń ta ìbọn, àti ẹ̀wù tí ọta kì í wọ̀, àti ẹ̀rọ tí ń fi iná mànàmáná gbọn ènìyàn, a máa pàtẹ ọjà wọn sí irú àpéjọ bẹ́ẹ̀. Ó tọ́ kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin oníṣòwò mọ̀ jù wá lọ pé ẹni tí ó fi ẹ̀ní lé ọjà fún ni ń retí pé a óò padà wá. Ẹ jẹ́ kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ òǹtajà nídìí àtẹ rẹ̀, kí a má sì fi àga olùkọ́ fún un.

Àwọn olùrànlọ́wọ́ kan sì wà tí kò lè wá sí St. Louis. Ní oṣù kẹrin ọdún 1970, ní Newhall ní California, ọ̀daràn méjì yìnbọn pa ọlọ́pàá ojú pópó mẹ́rin láàárin ìṣẹ́jú mélòó kan. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó pé ọmọ ọdún 25. Ikú wọn ni ó mú kí a tún ẹ̀kọ́ bí ọlọ́pàá ti í súnmọ́ ọkọ̀ afurasí ṣe.

Ẹlòmíràn kì í tilẹ̀ ṣe ọlọ́pàá. Edward Garner, ọmọ ọdún 15, fọ́ ilé kan ní Memphis ní Tennessee ní òru kan ní oṣù kẹwàá ọdún 1974. Pọ́ọ̀sì kan àti dọ́là 10 ni wọ́n bá lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó ti ń gun ọgbà láti sá lọ ni ọlọ́pàá yìnbọn fún un, bí ó tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ọlọ́pàá náà lójú pé kò sí ohun ìjà lọ́wọ́ ọmọ náà. Òfin ìpínlẹ̀ náà nígbà náà gbà á láyè. A kò gbe olè. Ṣùgbọ́n dọ́là 10! Bàbá rẹ̀ kò jẹ́ kí ọ̀ràn náà sùn, títí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi dájọ́ ní ọdún 1985 pé ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ yìnbọn pa ẹni tí ń sá lọ, àfi bí ó bá ní ìdí tí ó múná láti gbà pé onítọ̀hún lè pa ènìyàn tàbí kí ó ṣe wọ́n léṣe gidigidi.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn olóyè ẹgbẹ́ bá ń ka orúkọ àwọn olùrànlọ́wọ́ ní ọjọ́ ìparí, a bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ka ti àwọn mẹ́rin náà, àti ti ọmọ Memphis yìí àti bàbá rẹ̀, kí wọ́n tó dé orí àwọn tí ó fi owó ránṣẹ́.