Odò Abuloma Kì í Ṣe Ààtàn o!

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Abuloma! Ọ̀rọ̀ kan ń dùn wá. Tí omi bá ti ń kún, àwa tá a fẹ́ràn ìwọ̀ máa ń dúró sétí odò, a ó fi edé sẹ́nu ìwọ̀, a ó máa wo fóòmù tó léfòó. Tó bá rì pẹ́nrẹ́n, ẹja ti gbé e nìyẹn. Ní báyìí, epo dúdú ló ń lẹ̀ mọ́ okùn wa.

Gbogbo wa la mọ ohun tí epo rọ̀bì fojú Bodo rí lọ́dún 2008. Lọ́dún 2011, àjọ UNEP ní àtúnṣe ilẹ̀ Ògóni lè gba ọdún 25 sí 30. A bú àwọn ilé iṣẹ́ epo, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ta ló ń da ọ́ìlì mọ́tò sí gọ́tà tó wọ odò? Ṣé kì í ṣe àwa mẹkáníìkì náà ni? Ẹ má sọ pé díẹ̀ ni!

Omi àwọn ará Okrika ni. Àlejò ni wá. Ẹni tó da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹni tó da ọ́ìlì síwájú ńkọ́? Ẹ gbè é sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ tà á fáwọn onípákó tó ń fi kun igi. Ó tó gẹ́ẹ́!