Èédú àti Oòrùn: Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Ará Amúwo-Ọ̀dọ̀fin

Ní ọdún 1977 ni àwọn ènìyàn dúdú láti gbogbo ayé péjọ sí Èkó fún àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà, èyí tí a tìtorí rẹ̀ kọ́ ìlú Festac. A fi ijó àti ère wa hàn wọ́n, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin olóyè wa àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ pẹ̀lú jẹ́ ara àṣà. Nítorínáà ni a ṣe fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ èédú.

Ẹni tí ó bá ń sọ èròjà kan di òmíràn láti fi ṣe oògùn tàbí aró, a máa lo ohun kan tí ń mú iṣẹ́ yá, tí òun tìkárarẹ̀ kì í sì í tán. Bí ó bá ṣe pé ìmọ́lẹ̀ ni agbára iṣẹ́ náà, lọ́pọ̀ ìgbà irin olówó gọbọi bí iridium àti ruthenium ni a ń lò. Láti 1912 ni Giacomo Ciamician, ará Ítálì, ti sọ pé ó yẹ kí oòrùn gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èédú inú ilẹ̀. Ní 2004, àwọn onímọ̀ kan ní South Carolina, ní Amẹ́ríkà, ń ṣa èérí èéfín mọ́, wọ́n sì bá hóró èédú tí ń tàn yinrin nínú rẹ̀. Bí a bá to 100,000 wọn sí ìlà kan, ó ṣeé ṣe kí gígùn rẹ̀ má tó mílímítà kan. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kan irú hóró bẹ́ẹ̀, egunrín iná mànàmáná inú rẹ̀ a ta jí, a kọjá sára èròjà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìdè àtijọ́ a já, òmíràn a sì so.

Èèpo ọsàn tí a sè nínú ìkòkò tí a dé pinpin ti tó láti mú un jáde. Kí ni a wá ń fi èèpo àgbọn ọ̀nà Àgbádárìgì ṣe bí kò ṣe ìdáná?

A kò gbọdọ̀ tan ara wa jẹ ṣá. Aláró mọ̀ pé ìkòkò méjì kì í rí bákan náà, bẹ́ẹ̀ ni hóró wọ̀nyí rí. Púpọ̀ nínú wọn kì í gba gbogbo ìmọ́lẹ̀ oòrùn, bí kò ṣe apá aláwọ̀ búlúù. Àwọn ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ̀ wọ́n wò ni ó wọ́n.

Ojú Òjó kò jìnnà sí wa, níbi tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó wà láti 1983. Ọmọ wa tí ó bá fẹ́ ìmọ̀ yìí kò yẹ kí ó wọ ọkọ̀ òfuurufú kí ó tó lè yẹ ohun tí ó sè wò. Nígbà tí a bá tún ń dáwó gbọ̀ngàn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bèèrè iye tí ẹ̀rọ kan àti iná tí kì í kú yóò ná wa.