Ẹ̀bi Ta Ni? Èrò Lórí Ọ̀rọ̀ Tí Ó Ń Tẹ̀lé Ikú Ọ̀dọ́mọbìnrin

Ìfáárà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni tí ọmọ sin ni ó bímọ. Ìdí nìyí tí ikú ọ̀dọ́ fi jẹ́ ọ̀fọ̀ ńlá láàrin wa. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, a ó lọ sí ilé olóògbé, a ó kí àwọn òbí rẹ̀ kú àráfẹ́rakù, a ó sì gbàdúrà pé kí Ọlọ́run dáwọ́ ibi dúró. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin, tí ó sì jẹ́ pé ènìyàn ni ó pa á, ọ̀rọ̀ a máa yí padà. Kí ọwọ́ tó tẹ apànìyàn, àwọn kan yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀sùn sí òkú lẹ́sẹ̀. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìwà yìí lòdì sí ọgbọ́n tí ó wà nínú èdè wa, kò sì dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Àwọn obìnrin tí ó ṣì wà láàyè ni ó ń pa lára.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Èkó

Ní alẹ́ ọjọ́ 26, oṣù Èrèlè, ọdún 2022, ọ̀dọ́mọbìnrin aránṣọ kan, ọmọ ọdún 22, wọ ọkọ̀ BRT ní Chevron, ní agbègbè Lẹ́kí, ó ń lọ sí Òṣòdì. A kò ní dárúkọ rẹ̀ níhìn-ín. Ẹnu ti pọ̀ jù lórí orúkọ náà. Nígbà tí ara fu ú, ó fi ohùn àti àwòrán ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù, ó ṣàlàyé bí inú ọkọ̀ náà ti rí, ó sì ní kí ó gbàdúrà fún òun. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbà á nímọ̀ràn pé kí ó bọ́ sílẹ̀ ní Òwòrónṣókí. Kò délé mọ́. Òkú rẹ̀ ni àwọn ẹbí rẹ̀ rí lẹ́yìn náà. Ní ọjọ́ 2, oṣù Èbìbí, ọdún 2025, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Èkó dá awakọ̀ náà lẹ́bi ìpànìyàn, ó sì dájọ́ ikú fún un.

Láàrin àkókò náà, kí ni àwọn kan ń sọ? Kí ló dé tí ó wọ ọkọ̀ tí kò kún? Kí ni ó ń wá kiri lálẹ́? Kí ló dé tí ó ń fi fóònù sọ̀rọ̀ dípò kí ó bẹ́ sílẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Láti ọdún 2008 ni ọkọ̀ BRT ti wà ní Èkó. Òun ni àwọn òbí ń sọ fún ọmọ wọn pé kí ó wọ̀, kí ó má baà kó sọ́wọ́ àwọn gbọ́mọgbọ́mọ tí ń fi danfo gbé èrò. A tún máa ń sọ fún ọmọ pé bí ohun kan bá fu ú lára, kí ó tètè sọ fún ẹnìkan. Gbogbo rẹ̀ ni ọmọ yìí ṣe. Ní oṣù Èbìbí ọdún 2020, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì kan ní Ìlú Benin lọ kàwé nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é léṣe tí ó fi kú. Bí ọkọ̀ ìlú kò bá ṣeé wọ̀, tí ilé Ọlọ́run kò ṣeé jókòó sí, níbo ni a fẹ́ kí ọmọbìnrin wà?

Òwe tí a ṣì lò

Ohun tí ó kan àwa olùkọ́ èdè jù ni pé òwe ni a fi ń gbe ẹ̀bi yìí lẹ́sẹ̀. A ó gbọ́ tí ẹnìkan yóò ní, 'Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́.' Òmíràn yóò ní, 'Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.' Àyè tí àwọn àgbà ti ń lo òwe méjèèjì yìí ni ibi tí àwọn ará ilé kan náà ti ń dalẹ̀ ara wọn, tí ọ̀tá fi ráyè wọlé. Ọ̀dàlẹ̀ inú ilé ni wọ́n ń bá wí. Ẹni tí apànìyàn ká mọ́ inú ọkọ̀ kò dalẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá pa òwe wọ̀nyí fún un ti ṣi òwe pa.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ náà, 'àfọwọ́fà'. Ohun tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà ni. Nínú ọ̀rọ̀ tí a ń sọ yìí, ọwọ́ ta ni?

Ẹ tún wo gírámà àwọn ìbéèrè náà. Nínú 'Kí ló dé tí ó wọ ọkọ̀ náà?', ọmọbìnrin ni 'ó' tí ó jẹ́ olùwà ń tọ́ka sí. Nínú 'Kí ni ó ń wá?', òun náà ni. Apànìyàn kò sí nínú gbólóhùn kankan. Nígbà tí a bá sì fẹ́ sọ ohun tí apànìyàn ṣe, a ó ní, 'Wọ́n pa á.' 'Wọ́n' yìí kò tọ́ka sí ẹnì kan pàtó. Báyìí ni òkú ṣe ń jẹ́jọ́, tí apànìyàn sì ń fara pamọ́ sẹ́yìn arọ́pò-orúkọ. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ó ṣáájú ni, 'Ta ni ó pa á?' Nínú rẹ̀ ni ìtẹnumọ́ ti bọ́ sórí ẹni tí ó yẹ.

Ìkìlọ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀bi

Àwọn kan lè sọ pé àwọn kò bú òkú, pé àwọn kàn ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọ yòókù ni. A gbà pé ìkìlọ̀ dára. Ṣùgbọ́n ṣáájú ewu ni ìkìlọ̀ ń wá, ẹni tí ó wà láàyè ni a sì ń ṣe é fún. Èyí tí a bá sọ lórí òkú láti fi hàn pé òun ni ó fà á, ìdálẹ́bi ni.

Òkú kò gbọ́ ohun tí a ń sọ, alààyè ni ó ń gbọ́ ọ. Nígbà ìgbẹ́jọ́ awakọ̀ yìí, obìnrin mìíràn jẹ́rìí pé ó ti fipá bá òun lò pọ̀ ṣáájú ikú ọmọbìnrin náà. Obìnrin tí ó bá ti ń gbọ́ bí a ti ń fi òkú ṣe ẹlẹ́jọ́ yóò mọ ohun tí ń dúró de òun bí ó bá lanu. Bí ó bá dákẹ́, ọ̀daràn yóò tún ráyè mú ẹlòmíràn. Òfin Ẹ̀rí-jíjẹ́ ti ọdún 2011, ní apá 234, kò gbà kí a máa tú ìgbé-ayé obìnrin tí a fipá bá lò pọ̀ pẹ̀lú àwọn ọkùnrin mìíràn wò ní kóòtù, àfi bí adájọ́ bá fàṣẹ sí i. Ohun tí òfin kò gbà ní kóòtù kò yẹ kí a máa ṣe ní yàrá ìkàwé.

Ìgúnlẹ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń múra láti lọ ṣe ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, ẹ má ṣe kọ́ ọmọ ní òwe láìkọ́ ọ ní àyè tí a ti ń lò ó. Bí irú ìròyìn báyìí bá di ohun tí àwọn ọmọ ń sọ ní kíláàsì, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè pé, 'Ta ni ó ṣe é?' Ó lè jẹ́ pé ọmọbìnrin kan wà ní ìlà ẹ̀yìn tí ẹnìkan ti fọwọ́ kàn láìtọ́, tí kò tíì rí ẹni sọ fún. Ohun tí olùkọ́ bá sọ nípa òkú ni ọmọ náà yóò fi mọ̀ bóyá òun lè sọ̀rọ̀.