Gbèsè tí mo jẹ nítorí àtẹ ìdìbò ọdún 2024

Ẹ̀yin èèyàn mi ní Barking, Dagenham, Becontree àti Chadwell Heath, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Tí ẹ bá wà nínú bọ́ọ̀sì, ẹ tọ́jú rẹ̀ dìgbà tẹ́ ẹ bá délé. Ó kan ìdìbò káńsù tó ń bọ̀ lọ́jọ́ 7 oṣù Karùn-ún, ṣùgbọ́n àṣìṣe tí èmi fúnra mi ṣe ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, nígbà tí ìdìbò ọjọ́ 4 oṣù Keje kù díẹ̀, mo jókòó, mo ka ìwé ìlérí ẹgbẹ́ márùn-ún láti òkè délẹ̀: Labour, Conservative, Liberal Democrat, Green àti Reform UK. Iṣẹ́ PhD mi dá lórí ìlérí òṣèlú ní Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà láyé Action Group, torí náà mo rò pé ojú mi là dáadáa sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Mo ṣe àtẹ kan, òpó kan fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìlà kan fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan: físà, NHS, owó ilé, owó orí, ilé ẹ̀kọ́. Mo fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn tí mi ò mọ̀ rí ti ń fi ránṣẹ́ padà sí mi pé kí n wá wo nǹkan tí dókítà kan kọ. Mi ò tíì di dókítà o, àmọ́ mo gba oyè náà.

Àtẹ yẹn ò parọ́. Conservative ní àwọn á fi òfin dé iye físà iṣẹ́ àti ti ẹbí, kó máa dín kù lọ́dọọdún, àwọn á sì fi kún owó físà. Reform ní kí wọ́n dá ìwọlé tí kò pọn dandan dúró, kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún fún National Insurance lórí òṣìṣẹ́ àjèjì, àyàfi àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àti ìtọ́jú. Liberal Democrat ní àwọn á fagi lé òfin ọjọ́ 11 oṣù Kẹta 2024 tí kò jẹ́ kí olùtọ́jú mú ọkọ, ìyàwó tàbí ọmọ wá mọ́. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká dúró síbí díẹ̀. Èmi tí mò ń ka ìwé kiri, òfin ṣì gbà mí láyè láti mú ìdílé mi wá, torí pé PhD ni mò ń ṣe. Ẹni tó gba físà lẹ́yìn ọjọ́ yẹn láti wá wẹ̀ fún arúgbó wọn, kò láǹfààní yẹn. Mo máa ń rántí rẹ̀ nígbàkúùgbà tí mo bá fẹ́ ṣàròyé.

Labour ní tiwọn ní àwọn á pa ètò Rwanda rẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti mí kanlẹ̀.

Àǹtí kan wà tí a jọ ń gbé ilé kan ní Dagenham. Físà ìtọ́jú ló fi wọlé ní oṣù Kẹsàn-án 2022, òun àti ọmọkùnrin rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún 6 nígbà náà. Ilé dé ilé ló ń lọ, ó ń wẹ̀ fún àgbàlagbà, ó ń fún wọn lóògùn, ó ń gbé wọn dìde lórí ibùsùn. Ó délé lálẹ́ ọjọ́ kan, kò tíì bọ́ bàtà, ó na fóònù sí mi. "Dókítà, gbogbo èyí tó o kọ yìí, èwo ló kan èmi gan-an?" Mo fi ìlà físà hàn án. Mo ní, "Àǹtí, nínú àwọn tó lè wọlé, mi ò rí ohun tí Labour kọ tó lè pa yín lára." Ó mú pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà rẹ̀, ó lọ dìbò láàárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́.

Gbólóhùn kan wà nínú ìwé Labour tí mo kà kọjá. Wọ́n ní àwọn á fòpin sí bí àwọn ẹ̀ka iṣẹ́ kan ṣe ń gbára lé òṣìṣẹ́ òkè òkun fún ìgbà pípẹ́, wọ́n sì dárúkọ ìlera, ìtọ́jú àti iṣẹ́ ilé kíkọ́. Ọ̀rọ̀ bí wọ́n á ṣe kọ́ àwọn ọmọ ìlú níṣẹ́ ni wọ́n fi yí i ká, èmi náà bá kọ ọ́ sábẹ́ ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ físà ni! Nígbà tó di oṣù Karùn-ún 2025, ìwé ètò tuntun jáde. Lọ́jọ́ 22 oṣù Keje ọdún yẹn, wọ́n ti ilẹ̀kùn físà ìtọ́jú mọ́ ẹni tó wà lókè òkun. Ìwé yẹn kan náà ló ní kí ọdún tí èèyàn á lò kó tó gba ILR kúrò ní 5, kó di 10. Ní oṣù Kọkànlá, Shabana Mahmood tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé gbé àbá jáde: ọdún 10 fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ọdún 15 fún àwọn tí iṣẹ́ wọn kò tó ìpele dígírì, àwọn olùtọ́jú sì wà lára wọn. Àbá náà kan àwọn tó ti wà nílùú. Ẹni tó bá ń gba ju £50,270 lọ lọ́dún lè rí ọdún 5 gé kúrò. Ẹ bá mi wá olùtọ́jú tó ń gba iye yẹn.

Ọdún 10 ò sí nínú ìwé ìlérí 2024, mo tún ti lọ wò ó. Àmọ́ ibi tí ọkàn wọn ń lọ wà níbẹ̀, lójú gbogbo ayé, èmi tí mò ń fi ìwé kíkà ṣiṣẹ́ ò sì rí i. Àǹtí ti ń ka oṣù lórí kàlẹ́ńdà ilé ìdáná, oṣù Kẹsàn-án 2027 ni ìṣirò rẹ̀ parí sí. Tí àbá yẹn bá mú un, ó di 2037. Ọmọ tó wọlé lọ́mọ ọdún 6 á ti pé 21.

Kò bá mi jà. Ó kàn sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé, "Ìdìbò míì tún ń bọ̀. Ṣé o ò ní ṣe àtẹ ni?"

Ìdí rèé tí mo fi ń kọ̀wé. Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi lẹ́nu àwa èèyàn wa. Àwọn kan ní àwọn ò dìbò mọ́, wọ́n ti jẹ́ káwọn mọ̀ pé alejò làwọn. Àwọn kan ní Kẹ́mi ni ká tẹ̀ lé, ọmọ wa ni. Mo bọ̀wọ̀ fún ìdílé Adégòkè o, àmọ́ ní oṣù Kejì 2025, kí Labour tó sọ̀rọ̀ ọdún 10 rárá, Kemi Badenoch ti ní kí ILR kúrò ní 5, kó di 10. Reform wá ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, wọ́n ní àwọn á fagi lé ILR pátápátá, kí èèyàn máa tún físà ṣe ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Tí ẹ bá fẹ́ fìyà jẹ Labour nítorí físà, ẹ mọ ẹni tí ẹ̀ ń fi pàṣán lé lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n àtẹ físà kọ́ ló yẹ ká gbé lọ síbi ìdìbò yìí. Káńsù là ń dìbò fún. Káńsẹ́lọ̀ Labour kan ò lè fún yín ní ILR, ti Reform ò lè gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà yín tó ń ṣèlérí nípa físà ń ta ọjà tí kò sí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Àǹtí ò gbà fún mi. Ó ní, "Ibi tí ọwọ́ mi tó ni mo ti lè lù wọ́n. Tí mo bá lù wọ́n ní Dagenham, wọ́n á gbọ́ ọ ní Westminster." Òótọ́ wà níbẹ̀, mi ò lè jiyàn ẹ̀ tán. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá máa ń ka ìdìbò káńsù bí ẹni ń wo ojú ọjọ́. Ìdáhùn mi ni pé tí a bá fi gbogbo ìbò wa ránṣẹ́ sí Westminster, ta ló máa bi káńsù léèrè ohun tó wà lọ́wọ́ káńsù? Ohun tó wà lọ́wọ́ wọn pọ̀, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì ni owó Àǹtí gan-an.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ilé iṣẹ́ aládàáni ló gba Àǹtí síṣẹ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń tọ́jú, káńsù ló ń sanwó fún wọn. Iye tí káńsù bá san fún wákàtí kan ni ilé iṣẹ́ á pín, òṣìṣẹ́ á sì gba èyí tó bá ṣẹ́ kù. Owó tó kéré jù tí òfin gbà láti oṣù Kẹrin yìí jẹ́ £12.71. Iye tí àjọ Living Wage ní ó yẹ ẹni tó ń gbé London jẹ́ £14.80. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ £2.09 lórí wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún wo àkókò ọ̀nà: tó bá kúrò nílé arúgbó kan ní Thames View, tó wọ EL1 lọ sí òmíràn ní Barking Riverside, ta ló ń sanwó àkókò tó fi dúró de bọ́ọ̀sì? Láti ọdún 2012 ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ UNISON ti gbé ìwé àdéhùn kan jáde tí káńsù lè buwọ́ lù, pé ilé iṣẹ́ tí àwọn bá fún níṣẹ́ ìtọ́jú gbọ́dọ̀ san owó àkókò ọ̀nà. Káńsẹ́lọ̀ lè dáhùn ìyẹn láìwo ojú mínísítà kankan.

Torí náà, àtẹ tuntun mi kò rí bíi ti àkọ́kọ́. Mo yọ ìlà físà kúrò. Mo fi owó olùtọ́jú sí i, ilé àyágbé tó mọ níwọ̀n, bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ àwọn onílé tó ń kó ìdílé mẹ́ta sínú yàrá mẹ́ta, àti àyè fún àwọn ìjọ tó wà nínú àwọn ilé ìkẹ́rùsí, torí ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ìlò ilé ni, káńsù ló sì ń fún ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlérí kọ̀ọ̀kan mo fi àyè méjì sílẹ̀: ibo ni owó rẹ̀ á ti wá, àti kí ni wọn ò sọ.

Ọ̀rọ̀ owó yẹn, inú ìwé PhD mi ni mo ti rí i kọ́. Ní 1953, Action Group ní kí àwọn tó ń san owó orí dá ṣílè mẹ́wàá àbọ̀ sí i fún ètò ẹ̀kọ́ àti ìlera. Wọ́n sọ iye rẹ̀ kí ọmọ kankan tó wọ kíláàsì. Nínú ìdìbò àpapọ̀ 1954, NCNC mú ìjókòó 23 ní Ìwọ̀-oòrùn, Action Group mú 18. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 17 oṣù Kìíní 1955, lẹ́yìn tí àwọn tó gbé e kalẹ̀ ti jẹyán wọn níṣu. Àwọn olóṣèlú ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan látinú irú nǹkan bẹ́ẹ̀, wọn kì í fẹ́ dárúkọ iye mọ́. Ẹ bá wa dárúkọ ẹ̀ fún wọn. Tí wọ́n bá ní àwọn á tún gbogbo títì ṣe, àwọn ò sì ní fi kún council tax, ẹ ní kí wọ́n fi ìṣirò hàn yín.

Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nì kan sọ pé ìdìbò káńsù ò já mọ́ nǹkan. Àwọn tó ti pẹ́ níbí mọ̀. Ní 2006, BNP mú ìjókòó 12 nínú 51 ní káńsù yìí. Láyé ìgbà yẹn, ìwé pélébé kan ń rìn kiri pé wọ́n ń fún àwọn ọmọ Áfíríkà ní £50,000 láti wá ra ilé níhìn-ín. Irọ́ gbáà. Ní 2010, Nick Griffin fúnra rẹ̀ wá bá Margaret Hodge du Barking, ó ṣe ipò kẹta, gbogbo ìjókòó 12 yẹn sì lọ. Látìgbà náà, ní 2010, 2014, 2018 àti 2022, Labour ló ń mú gbogbo 51. Mo dúpẹ́ pé àwọn yẹn lọ. Síbẹ̀, káńsù tí kò ní alátakò kankan ò dáa fún ẹnikẹ́ni, kódà fún Labour. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ohun tó kù kéré. Ọmọ Nàìjíríà tó ní físà tó sì ti pé ọdún 18 lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò, torí Commonwealth la wà. Ẹ ò nílò pálí pupa. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lórí gov.uk kí ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin tó parí. Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà tó, kódà kó ti pé, tí àwòrán inú rẹ̀ bá ṣì jọ yín. Ìwé ìdìbò á sọ iye èèyàn tí ẹ lè yàn ní wọ́ọ̀dù yín, kò sì pọn dandan kí gbogbo wọn jẹ́ ẹgbẹ́ kan náà. Ìyẹn ló fi yẹ ká yẹ ẹni wò, ká má kan wo ẹgbẹ́.

Mi ò ní sọ ẹni tí ẹ máa dìbò fún. Mo ti sọ ọ́ fún ẹnìkan rí.

Ní Sátidé tó kọjá, olùdíje kan kan ilẹ̀kùn wa. Àǹtí ló ṣí i, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ó fi ọwọ́ kan ti ilẹ̀kùn, ó fi èkejì di bébà tí a jọ kọ ìbéèrè sí mú, ó bi ọkùnrin náà léèrè owó àkókò ọ̀nà láti Thames View dé Riverside. Ọkùnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní òun á lọ wádìí, òun á padà wá. Bébà náà ti padà sára fíríìjì. A ṣì ń retí rẹ̀.