Ẹ Ya Ọ̀nà Sọ́tọ̀ fún Kẹ̀kẹ́ Ológeere

Ẹni tí ó bá gun kẹ̀kẹ́ ológeere jáde láàárọ̀ ní Amùkòkò, tí ó dorí kọ Àpápá, níbi tí ọkọ̀ àjàgbé àti ọkọ̀ agbépo ti máa ń to ara wọn lọ súà dé ẹnu èbúté, ọwọ́ awakọ̀ ni ó fi ẹ̀mí rẹ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ oúnjẹ òòjọ́ ni ó ń wá lọ, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n ti rí ọgbọ́n dá sí i. Ojú irin àtijọ́ kan tí rélùwéè ti pa tì, láti Givry dé Cluny, kìlómítà 44, ni wọ́n sọ di ọ̀nà tí mọ́tò kò gbọdọ̀ tọ̀ ní ọdún 1997. Etí omi àfọwọ́gbẹ́ Canal du Midi, níbi tí ẹṣin ti ń fa ọkọ̀ ojú omi láyé ọjọ́un, sì ti di ibi tí tọmọdé tàgbà ń gun kẹ̀kẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ lábẹ́ igi, tí wọ́n ń gbọ́ ohùn ẹyẹ. Ohun tó ti wà nílẹ̀ ni wọ́n tún ṣe, èyí ni ó sì wú wa lórí jù.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Èé ṣe tí ti Àpápá yóò fi jẹ́ ti ọkọ̀ ńlá nìkan? A bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó àti ìjọba ìbílẹ̀ Ajeromi-Ifelodun: ẹ mọ pààlà sí etí títì kan ṣoṣo fún ológeere, láti Amùkòkò dé Àpápá, kí ẹ má sì jẹ́ kí ọkọ̀ kankan gùn ún.