Gọ́tà Kò Mọ Ọ̀rá Yàtọ̀ sí Abọ́

Oṣù kìíní ọdún 2024 ni ìjọba Èkó fòfin de styrofoam, abọ́ funfun tí àwọn olóúnjẹ fi ń di ráìsì fún oníbàárà. Mo fara mọ́ òfin náà: abọ́ yìí kì í jẹrà, gọ́tà ló máa ń dí, omi òjò á sì yà wọlé onílé. Ní oṣù keje ọdún 2025, òfin tún kan ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Síbẹ̀, ẹ dé ọ̀dọ̀ olóúnjẹ: ọ̀rá fún ẹ̀wà, ọ̀rá fún ọbẹ̀, ọ̀rá mìíràn láti fi gbé e. Kí ìjọba tó lé ìyá olóúnjẹ kiri, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀rá ni kó kọ́kọ́ sanwó ìpalẹ̀mọ́. Àwa oníbàárà náà, ẹ jẹ́ ká máa gbé abọ́ wa dání. Ewé eéran náà ṣì wà lọ́jà.