Ipasẹ̀ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Retí

Ọdẹ tí ó ti pinnu láti ilé pé ẹtu ni òun ń wá, bí ó bá kan ipasẹ̀ ẹfọ̀n, a sọ pé ti màlúù ni, a sì kọjá lọ. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọ̀mọ̀ràn inú ìmọ̀ físíìsì ní 1932, ohun náà ni ó sì mú wa gbé kálámù lónìí nípa iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní CERN, lẹ́bàá ìlú Geneva, ní ààlà ilẹ̀ Switzerland àti ilẹ̀ Faransé.

Ní ọdún náà, Irène Curie àti ọkọ rẹ̀, Frédéric Joliot, ń ya àwòrán àwọn èérún tí ó kéré ju átọ̀mù lọ, nínú àpótí tí kùrukùru wà nínú rẹ̀, ní Paris. Kò sí ojú tí ó lè rí èérún bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ó bá ní iná mànàmáná nínú a máa fi ìlà tín-ín-rín sílẹ̀ bí ó ti ń kọjá. Bí òòfà bá wà nítòsí, ìlà náà a tẹ̀: èyí tí iná rẹ̀ dàbí ti orí bátìrì a tẹ̀ sí ọ̀nà kan, èyí tí tirẹ̀ dàbí ti ìdí bátìrì a tẹ̀ sí òdìkejì. Tọkọtaya náà rí ìlà tí ó tẹ̀ sí ibi tí wọn kò retí. Wọ́n ní ẹ̀lẹ́kitírọ́ọ̀nù ni, pé ẹ̀yìn ni ó ń padà sí.

Ní California, Carl Anderson rí irú ìlà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun ti gbé awẹ́ òjé kan, tí ó nípọn tó mìlímítà 6, dábùú àárín àpótí tirẹ̀. Ohun tí ó bá la òjé kọjá, agbára rẹ̀ a dín. Bí agbára bá sì dín, ìlà rẹ̀ a tẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Apá òkè ni ìlà yìí ti tẹ̀ jù. Ìsàlẹ̀ ni èérún náà ti wá, òkè ni ó ń lọ, nítorí náà iná inú rẹ̀ kì í ṣe ti ẹ̀lẹ́kitírọ́ọ̀nù. Prótọ́ọ̀nù pẹ̀lú kò lè tẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó sì rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Èérún tuntun ni, òun ni wọ́n sọ ní pósítírọ́ọ̀nù. Awẹ́ òjé lásán ni ó yanjú ọ̀rọ̀!

Nísinsìnyí, ẹ̀rọ LHC ti CERN, tí ihò rẹ̀ nínú ilẹ̀ tó kìlómítà 27 ní yíyípo, bí ó bá ń ṣiṣẹ́, a máa mú àwọn ọ̀wọ́ prótọ́ọ̀nù pàdé ara wọn ní ìgbà mílíọ̀nù 40 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò sí kùrukùru mọ́. Awẹ́ sílíkọ́nì ni ó yí ibi ìpàdé ká, ìpele lórí ìpele, èérún tí ó bá la ìpele kan kọjá a sì fi àmì kan síbẹ̀. Àmì nìkan ni, kì í ṣe ìlà. Kọ̀ǹpútà ni yóò so àmì mọ́ àmì títí yóò fi di ipasẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá rán lọ sí ojú ọjà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ọjà, pé kí ó tọ ẹsẹ̀ gbogbo ẹni tí ó rìn níbẹ̀ lánàá, òun ni yóò mọ irú iṣẹ́ tí èyí jẹ́. Nínú ìdíje TrackML tí wọ́n ṣe ní 2018, àmì bí 100,000 ni ó wà nínú ìpàdé ẹyọ kan, ipasẹ̀ tí wọ́n sì ń wá nínú wọn tó bí 10,000.

Ọgbọ́n tí wọ́n ń lò jù ni èyí tí Rudolf Kalman gbé jáde ní 1960: kọ̀ǹpútà a mú àmì díẹ̀ fún ìbẹ̀rẹ̀, a fi wọ́n ro ibi tí ó yẹ kí èyí tí ó kàn wà, a wò ó, a tún ìrò rẹ̀ ṣe, a tẹ̀ síwájú. Ọgbọ́n rere ni. Ṣùgbọ́n kí iṣẹ́ lè yá, ìtòsí ojúkò ìpàdé ni wọ́n ti sábà ń wá ipasẹ̀. Èérún tí ó bá rìn jìnnà kí ó tó fọ́, ipasẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ lè bọ́ lójú wọn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ará ATLAS fi wá irú rẹ̀ nínú ìwọ̀nba díẹ̀ péré, nítorí ó ń jẹ àkókò. Kí ìkójọ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2022 tó dé, wọ́n tún ọ̀nà náà ṣe, ó sì ṣeé ṣe fún gbogbo rẹ̀. A yìn wọ́n fún èyí.

Ohun tí ń kọ wá lóminú ni ohun tí a ń sọ nù. Nínú mílíọ̀nù 40 wọ̀nyẹn, ẹgbẹ̀rún díẹ̀ ni ATLAS ń fi pamọ́; kò sí àká tí ó lè gba ìyókù, a kò sì lè dá wọn lẹ́bi. Ní ti ẹgbẹ́ LHCb, láti 2015 ni wọ́n ti ń tọ́jú ipasẹ̀ tí kọ̀ǹpútà so nínú ọ̀pọ̀ ìpàdé, tí wọ́n sì ń da àwọn àmì tí ó fi so wọ́n nù. Wọ́n ní èyí ń fún àwọn láyè láti pa ìpàdé púpọ̀ sí i mọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ká ní Anderson kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ̀lẹ́kitírọ́ọ̀nù kan ni òun rí, tí ó ń bọ̀ wálẹ̀, tí ó sì dáná sun àwòrán náà, ta ni ìbá tún un wò?

A mọ̀ pé wọ́n ń pa ìpàdé díẹ̀ mọ́ láìṣà, pẹ̀lú gbogbo àmì wọn. A fẹ́ kí ìpín náà di òfin, kí ó má ṣe jẹ́ òun ni wọn yóò kọ́kọ́ gé bí owó bá wọ́n. Ẹ̀rọ tí wọ́n ti tún ṣe, tí wọ́n ṣètò pé kí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2030, yóò mú àmì wá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ púpọ̀, àwọn kọ̀ǹpútà tí a fi ipasẹ̀ àtọwọ́dá kọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń fẹ́ kí wọ́n fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Kí àwọn ìjọba tí ń dá owó béèrè lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n tó buwọ́ lu ìwé: ẹ ti fi ipasẹ̀ àjèjì dán an wò bí?